ÒGIRI TÍ KÒ NÍ ẸNU Ọ̀NÀ: OHUN TÍ ỌJỌ́ 77 KỌ́ MI NÍ Ọ́FÍÌSÌ

Ọ̀rọ̀ tòní máa gùn díẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀ kà á. Inú ń bí mi, mi ò sì ní purọ́ fún yín. Pásítọ̀ náà máa ń bínú. Ohun tí wọ́n kìlọ̀ fún wa ni pé ká má jẹ́ kí ìbínú sọ wá di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ pé iṣẹ́ ìwàásù nìkan kọ́ ni mò ń ṣe. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ọ́fíìsì ni mo wà bíi tiyín. Iṣẹ́ máàpù ni mo kọ́, òun ni mo fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ, kí owó ìjọ lè jẹ́ owó ìjọ. Mi ò ní dárúkọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má bi mí ní kọ́mẹ́ǹtì, ẹ má sì bá mi méfò, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ju ọ́fíìsì kan ṣoṣo lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún yìí, wọ́n gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́. Odò kékeré kan wà ní apá kan Ìbàdàn. Àwọn èèyàn ti kọ́lé sún mọ́ ọn, gọ́tà tó yẹ kó máa gbé omi lọ síbẹ̀ sì ti dí. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, ó yẹ ká mọ ilé tí omi máa kọ́kọ́ wọ̀, ká sì mọ gọ́tà tí àwọn òṣìṣẹ́ máa kọ́kọ́ kó. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ nìyí. Àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Àwa ọmọ ẹ̀yìn wọn náà rí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ẹ̀mí lọ, ilé wó, afárá gé. Tí ẹnì kan bá wá ní kí n ya máàpù ọ̀nà omi, mi ò lè kà á sí iṣẹ́ ọ́fíìsì lásán.

Ohun èlò tí mo nílò ni sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ń pè ní QGIS. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ìyá wa. Ó dà bí ìgbà téèyàn to aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léra lórí tábìlì, tí ìsàlẹ̀ ń hàn látòkè. Aṣọ kan jẹ́ títì, ọ̀kan jẹ́ odò, ọ̀kan jẹ́ ilé, ọ̀kan jẹ́ bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Tí wọ́n bá ti wà lórí ara wọn, ojú rẹ á rí ohun tí ẹyọ kan kò lè fi hàn ọ́. Gary Sherman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2002, lónìí àwọn èèyàn káàkiri ayé ló ń jùmọ̀ tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣí inú rẹ̀ wò láti mọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ọ̀gá kan ní, “Pásítọ̀, ṣebí Google Maps wà lórí fóònù yín?” Háà! Google Maps á mú yín dé ibi ìkómọ, ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwòrán sọ́fè àtijọ́ nílẹ̀ wa, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna ni wọ́n fi yà á. Ìwọ̀n tí GPS ń lò yàtọ̀ sí i, WGS84 ni tirẹ̀. Tí o bá kàn gbé ọ̀kan lé èkejì láìyí i padà, ilé kan lè yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún mítà. Ilé tó wà létí odò á wá hàn bíi pé òdìkejì títì ló wà. Irú iṣẹ́ ìyípadà yìí ni QGIS ń ṣe ní wàrà-ǹ-ṣeṣà. Tí o ò bá ní in, o kàn ń méfò ni, ẹni tó bá sì ń fi ilé èèyàn méfò, Olúwa máa bi í.

Ó dáa. Mo tẹ àdírẹ́sì QGIS sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Pátákó pupa jáde: wọn ò gbà á láyè. Mo kọ ímeèlì sí àwọn ará ICT. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sí èsì. Mo fẹsẹ̀ ara mi lọ. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó dìde kí mi. Ó ní, “Ẹ máa bínú sà, ẹ kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù.” Mo gba fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù ní kí n kọ iye owó tí wọ́n máa san fún ẹni tó ń tà á. Mo kọ òdo náírà. Fọ́ọ̀mù padà wá bá mi, wọ́n ní ohun tí kò lówó lórí, àwọn ò mọ tábìlì tó yẹ kó gbà kọjá.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni wọ́n tó ṣí sáìtì náà. Mo yọ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì QGIS wúwo, ó lé ní gígábáìtì kan. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò kó tó fi sílẹ̀ fún mi, kó sì tó gbà á tán, á ti sú u, á já a. Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó já. Mo dúró di alẹ́, ó já. Mo gba ọ̀nà kejì tí wọ́n ń pè ní OSGeo4W, èyí tó máa ń kó wọn wọlé ní ẹyọ ẹyọ. Antivirus pa á kó tó lanu.

Ọ̀sẹ̀ keje, fáìlì wọlé. Ó wá ku pásíwọ̀ọ̀dù alábòójútó tí wọ́n máa fi gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Èèyàn méjì ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan wà ní lífù, èkejì lọ sí Àbújá fún sẹ́mínà. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni wọ́n tó fi sí i. Mo ṣí i, àwọn plugin tí mo nílò ò wọlé. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ o. Lẹ́tà tí QGIS bá gbà láti òde, èdìdì wà lára rẹ̀. Aṣọ́nà ọ́fíìsì ń tú u, á kà á, á wá fi èdìdì tirẹ̀ dì í padà. QGIS wò ó, ó ní èyí kì í ṣe èdìdì ẹni tó kọ ọ́, mi ò gbà á. Ẹ ò lè bá QGIS wí, ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe! Oògùn rẹ̀ ò ju pé kí wọ́n fi èdìdì ọ́fíìsì han kọ̀ǹpútà mi, ká sì kọ àdírẹ́sì proxy sí ààyè rẹ̀ nínú QGIS. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Ẹ bá mi kà á: ọjọ́ 77. Gbogbo ọjọ́ 77 yẹn, Facebook ṣí sílẹ̀ gbayawu ní ọ́fíìsì náà. Sáìtì tẹ́tẹ́ náà ṣí. Mo rí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ lọ́sàn-án gangan. Ohun tó máa gbà wá lọ́wọ́ omíyalé nìkan ni wọ́n ní ó léwu.

Arákùnrin kan nínú ìjọ gbọ́, ó ní, “Dádì, ìjà ẹ̀mí lèyí o. Ẹ jẹ́ ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.” Mo ní rárá, ọmọ mi. Mo gbà pé ọ̀tá wà, mo sì ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ọ̀tá kọ́ ló ní kí ẹnì kan má dáhùn ímeèlì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Tí a bá di ẹ̀bi èèyàn ru ẹ̀mí, ẹni tó yẹ kó ṣàtúnṣe á kàn lọ sùn ni. Àwa Kristẹni fẹ́ràn àṣà yìí jù, ó sì yẹ ká jáwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ará ICT náà, kí n má ṣe ìdájọ́ apá kan. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n, ẹ̀rù gidi ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti kọ̀ǹpútà pa káàkiri ayé, títí kan ti àwọn ilé ìwòsàn ní England. Àtúnṣe tó yẹ kó dí ihò tó gbà wọlé ti jáde láti oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò tíì fi sí i. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, NotPetya gba inú sọ́fítíwíà ìṣirò owó tí wọ́n ń lò ní Ukraine wọlé, látara àtúnṣe tí àwọn èèyàn gbà pé ó mọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣọ́nà kì í ṣe ọ̀tá mi. Mi ò ní kí wọ́n wó ògiri. Tí wọ́n bá wó o lónìí, èmi ni màá kọ́kọ́ sunkún.

Ohun tí mò ń sọ ni pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ògiri tí kò ní ẹnu ọ̀nà kì í lé olè. Olóòótọ́ ló ń lé lọ sójú fèrèsé.

Ẹ gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀. Nígbà tí èmi ń dúró, ẹnì kejì mi ní ọ́fíìsì ò dúró. Ó gba fíláàṣì kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Sọ́fítíwíà máàpù olówó gọbọi ló wà nínú rẹ̀, tí ẹnì kan ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní, “Pásítọ̀, ẹ wá kọ ọ́ sórí tiyín náà. Ta ló máa mọ̀?”

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Dádì: mo gba fíláàṣì náà. Mo mú un délé. Ó sun orí tábìlì mi mọ́jú. Mo ti ń sọ fún ara mi pé nítorí àwọn aráàlú ni, nítorí òjò ni, Olúwa mọ ọkàn mi. Ẹ ò rí i bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe máa ń wọ aṣọ iṣẹ́ ìsìn? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dá a padà láìfi í sí ẹnu kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé mo mọ́ jù yín lọ. Ìwàásù tí mo ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi nípa òṣùwọ̀n èké ló ń dún létí mi.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, kọ̀ǹpútà ẹnì kejì mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì pamọ́. Lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà mẹ́ta mìíràn tí fíláàṣì yẹn ti dé. Iṣẹ́ sọ́fè ọdún méjì, ìlàjì rẹ̀ ni wọ́n rí yọ. Ẹ wá dá mi lóhùn: kí ni ògiri yẹn ṣọ́? Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà rárá ni wọ́n la ògiri náà lẹ́nu.

Òjò ò sì dúró de fọ́ọ̀mù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kí máàpù tó jáde, òjò ńlá kan rọ̀ lóru. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kó gọ́tà o, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n fojú wọ̀n ọ́n ni, títì tí kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó. Ìyá kan nínú ìjọ wa tó ń ta èlùbọ́ ń gbé ní títì kejì. Omi dé orúnkún nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀mí ò lọ, ògo ni fún Olúwa. Ṣùgbọ́n àpò èlùbọ́ mẹ́fà di lẹ́ẹ̀, gbogbo owó tó fi ń ṣòwò nìyẹn. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ń fi abọ́ gbọ́n omi. Ó wò mí, ó ní, “Pásítọ̀ mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ń ya máàpù àdúgbò wa?”

Kí ni kí n sọ fún un? Kí n ní firewall ni?

Mi ò sọ pé máàpù ń dá òjò dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ya á tán ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gọ́tà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kó hàn kedere, ẹ̀yìnkùlé ìyá yẹn gan-an ni.

Ẹ ṣí Bíbélì yín, ẹ lọ ka Jóṣúà orí kejìdínlógún nígbà tí ẹ bá ráyè. Kí wọ́n tó pín ilẹ̀ tó kù fún ẹ̀yà méje, Jóṣúà ní kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin mẹ́ta wá. Ó rán wọn kí wọ́n rin ilẹ̀ náà já, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ní ìlú dé ìlú, kí wọ́n sì mú ìwé náà padà bá òun ní Ṣílò. Iṣẹ́ máàpù nìyẹn! Kó tó ṣẹ́ gègé níwájú Olúwa, ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá wá ń sọ pé ìgbàgbọ́ ò nílò ìwọ̀n, kò kà á dáadáa.

Ẹ wá lọ sọ́dọ̀ Nehemáyà, bàbá gbogbo àwọn tó ń mọ ògiri. Ọjọ́ 52 ló fi parí odi Jerúsálẹ́mù, pẹ̀lú ọ̀tá lẹ́yìn. Àwa lo ọjọ́ 77 láti gba sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan kọjá! Ẹ sì wo ohun tó mọ síbẹ̀: ẹnu-bodè àgùntàn, ẹnu-bodè ẹja, kódà ẹnu-bodè ààtàn wà. Ó mọ̀ pé ẹja gbọ́dọ̀ wọlé, pàǹtí sì gbọ́dọ̀ jáde. Nígbà tó parí, ó yan aṣọ́nà, ó fi ìlú sábẹ́ àwọn èèyàn tó lórúkọ, Hánánì àti Hananáyà, ó sọ ìgbà tí ilẹ̀kùn máa ṣí àti ìgbà tó máa tì. Odi, ilẹ̀kùn, aṣọ́nà, àkókò. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wa mú odi nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n wá ń pè é ní ààbò.

Kí ni mo wá fẹ́? Mi ò kàn fẹ́ pariwo. Nǹkan mẹ́rin ni:

1. Kí ẹnì kan tó lórúkọ máa dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. “Rárá” náà ìdáhùn ni, tó bá ti ní ìdí nínú. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ètò ààbò.

2. Kí àwọn ará ICT fúnra wọn ṣe dáńlóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín. Nọ́ńbà gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní checksum, àwọn tó ṣe QGIS ń gbé e síta. Tí nọ́ńbà fáìlì tí ẹ gbà bá bá a mu, ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. Kí wọ́n wá tọ́jú rẹ̀ sórí server ọ́fíìsì fún gbogbo ẹni tó bá nílò rẹ̀.

3. Kí wọ́n fi sórí kọ̀ǹpútà fúnra wọn, kí wọ́n sì máa fi àtúnṣe sí i lásìkò. Mi ò tọrọ pásíwọ̀ọ̀dù alábòójútó, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín dání. QGIS ní ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní LTR, èyí tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́ fún àwọn ọ́fíìsì tí kò fẹ́ máa yí nǹkan padà lójoojúmọ́. Ẹ lo ìyẹn.

4. Kí àwọn ọ̀gá máa ka ọjọ́ ìdúró mọ́ iye owó iṣẹ́. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn, kó fọwọ́ sí i pé òun ló tì í. Tí omi bá wọlé èlùbọ́, ká mọ orúkọ tó yẹ ká pè.

Sí àwọn tó ń sọ pé ohun ọ̀fẹ́ ò lè dáa: ẹ tún máa ń jókòó ní iwájú ìjọ! Ìgbàlà tí ẹ ń jó lé lórí, èló lẹ san? Ọ̀fẹ́ fún ọ kò sọ pé kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe ń yẹ ohun olówó wò, ó tán.

Sí ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ICT, mo sì mọ̀ pé ẹ pọ̀ nínú ìjọ wa: aṣọ́nà lẹ jẹ́, iṣẹ́ iyì ni. Aṣọ́nà tó sùn jẹ̀bi. Aṣọ́nà tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ onílé níta nínú òjò náà jẹ̀bi.

Sí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ bíi tèmi: ẹ má fo fèrèsé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ déètì sí i, ẹ tẹ̀ lé e láìsú. Ẹ kọ́ láti inú ti fíláàṣì tó sun tábìlì mi.

Kí n má baà fi òpó ilé ẹlòmíràn sílẹ̀ kí tèmi máa wó, mo padà wo ìjọ wa. Opó kan wá mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn protocol ní kó lọ gba fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù! Mo tijú. Láti ọ̀sẹ̀ yìí, gbogbo ọjọ́ Wẹ́sidé, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn mi ṣí, kò sí fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ lọ wo ògiri tiyín náà.

Fún ìyá wa elélùbọ́, a máa dáwó lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ má wá lọ́wọ́ òfo. Kì í ṣe kí ẹ kàn kọ “Àmín” sábẹ́ ibí yìí.

Olúwa, fún wa ní odi tó le àti ẹnu ọ̀nà tó ń ṣí. Fi aṣọ́nà tó jí síbẹ̀. Má jẹ́ kí ọwọ́ wa dí ọ̀nà tí ìrànlọ́wọ́ ẹlòmíràn máa gbà. Ní orúkọ Jésù.

Tí irú rẹ̀ bá ti ṣe yín rí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ má dárúkọ ọ́fíìsì. Ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó yẹ kó kà á. Ire o.